Ilẹ̀kùn Yàrá Wọ́dà

Ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò jalè rí, síbẹ̀ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìjọba ló gbé e lọ síbẹ̀, ìjọba ló ń bọ́ ọ níbẹ̀, nígbà tí irun orí rẹ̀ sì funfun tán, ìjọba náà ló ní kó máa lọ sílé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ tirẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ ti tán, orúkọ ò tán.

Àwọn ìwà kan bá a délé láti ibi iṣẹ́, bí eruku ṣe ń bá bàtà wọlé. Bí àlejò bá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ fi ojú kà wọ́n, ètè rẹ̀ á máa mì díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á ní sùúrù kó kà wọ́n tán, á wá bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé wọ́n pé?" Àwọn àlejò á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́dà náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dìgbà tó bá dá a lójú pé wọ́n pé. Èyí tó wá le jù ni ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí ó bá ti ń jáde nínú yàrá, yàrá yòówù tí ì báà jẹ́, ọwọ́ náà á fa ilẹ̀kùn dé, á sì tì í, kí orí rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ti jáde. Ó ti ti alága ẹgbẹ́ àdúgbò mọ́ ilé ìwẹ̀ rí lọ́jọ́ ìpàdé. Wọ́n parí ìpàdé ọjọ́ náà láìsí ìjà, èyí tí kò wọ́pọ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé pálọ̀, níbi tó ti lè máa rán aṣọ kó sì máa rí àwọn tó ń kọjá, torí ó gbà pé aṣọ tí èèyàn bá rán láìgbọ́ ìròyìn kì í gún. Ahọ́n rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kì í fi gé ẹni tí kò bá tọ́ sí. Ikọ́ fée ti ń bá a fínra láti kékeré. Bí ó bá gbé e dé, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á fún, àyà rẹ̀ á máa dún bíi fèrè tó ti là, àfi kó yára fa oògùn rẹ̀, agolo kékeré kan tí wọ́n máa ń tẹ̀ sẹ́nu. Orí tábìlì ẹ̀rọ ni agolo náà máa ń wà, láàárín àlùmọ́gàjí àti ìdì òwú. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti jọ dàgbà débi pé wọn kì í jà mọ́. Àwàdà ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ láti ojú títì lè fẹ́ wá là wọ́n.

Ohun tó mú irin wọ àdúgbò náà ni ikú Kẹ́míìsì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń ta oògùn, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Wọ́dà. Àwọn olè ya àwọ̀n ojú fèrèsé rẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n kó ohun tí wọ́n fẹ́ kó, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tábìlì òun fúnra rẹ̀ lù ú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó pẹ́ níbẹ̀, kò sì padà wálé. Kí wọ́n tó rọ erùpẹ̀ lé e lórí tán, àwọn tó dúró yí ibojì ká ti ń bi ara wọn léèrè ibi tí wọ́n ti ń ta irin tó dáa. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ṣá, nítorí ọ̀wọ̀ òkú.

Àdúgbò tí wọ́n ti ń fi òdòdó bá ara wọn díje tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin díje. Ẹni tó fi irin pẹlẹbẹ sójú fèrèsé, tó bá ti rí i pé onígun mẹ́rin ni aládùúgbò rẹ̀ lò, á ní kí wọ́n wá tú tòun, kí wọ́n wá fi èyí tó tún nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ọkùnrin kan ra géètì tó ń ká jọ tó sì ń nà bí ìfun, ó tún fi irin sẹ́yìn rẹ̀, ó tún fi àgádágodo sẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó fi máa ń ṣí gbogbo rẹ̀ tán, oníbúrẹ́dì tó pè á ti kọjá lọ. Oòrùn tó ń wọ pálọ̀ àwọn èèyàn wá di oòrùn onílà, ó ń sùn sórí àga bí aṣọ ẹlẹ́wọ̀n.

Wọ́dà ni gbogbo wọn ń wá bi. Wọ́n rò pé ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sé èèyàn mọ́lé, ó ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń sé olè mọ́ta. Kò sẹ́ni tó jókòó ro ó pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Wọ́dà fúnra rẹ̀ ò rò ó. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kó máa lọ, kò sẹ́ni tó tún bi í ní nǹkan kan rí bí kò ṣe aago mélòó ló lù. Àfi bí wọ́n ṣe tún ń dìde fún un lórí àga, tí wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá, tí wọ́n ń tẹ̀ lé e láti fèrèsé dé fèrèsé.

Á fi oríkèé ìka kan irin, á tẹ́tí sí i bíi dókítà. Á dì í mú, á fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni á wá dájọ́. "Eléyìí ò burú. Ó máa dá adìẹ dúró." Tàbí, "Tí olè bá fi lè sín sí eléyìí, ó ti wọlé nìyẹn." Òfin kan tó ń tẹnu mọ́ ni ti àlàfo. Ó ní àlàfo tí ìkúùkù bá lè gbà, apá á gbà á, ibi tí apá bá sì ti gbà, orí ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí wọ́n to irin súnmọ́ra débi pé ìka nìkan ni yóò lè kí ẹni tó wà níta. Ìyàwó Kẹ́míìsì náà pè é. Ó wo fèrèsé tí wọ́n gbà wọlé, ó mi orí, ó sì fi tọkàntọkàn ṣàlàyé fún obìnrin náà irú irin tí ì bá gba ọkọ rẹ̀ là. Obìnrin náà dúpẹ́. Kí ni ì bá tún sọ?

Nígbà tó kan ilé tirẹ̀, Wọ́dà ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Onígun mẹ́rin ló yàn, èyí tó nípọn ju ìka àtàǹpàkò lọ, ó sì ní kí wọ́n ri orí àti ìdí rẹ̀ mọ́ inú kọnkéré. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí irin fèrèsé kan ṣoṣo ṣeé ṣí láti inú, kí wọ́n so ó mọ́ híńjì, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́dà ní ibi tí òun bá lè gbà jáde, ibẹ̀ gan-an ni olè máa gbà wọlé. Ó wá fi òwe tì í, ó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀.

"Aláǹgbá tó ti wà nínú ògiri tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Wọ́dà ti ń wọn fèrèsé kejì.

Àṣekágbá gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀kùn yàrá. Wọ́dà ti ro ó dáadáa. Bí àwọn olè bá fi lè já gbogbo ti ìta, òun àti ìyàwó òun á sá wọ yàrá, wọ́n á pa ilẹ̀kùn onírin dé, wọ́n á ti ọ̀pá ìdábùú ńlá kan bọ inú ògiri, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èrò tó dára ni. Ó lọ bá Ajórin, ọkùnrin tó ń jó irin pọ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ya ilẹ̀kùn náà sórí sìmẹ́ńtì. Ó ya férémù rẹ̀, ó ya híńjì, ó ya ìdábùú. Ajórin tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó, ó ní, "Bàbá, ṣé apá ibí lẹ fẹ́ kí ìdábùú yìí wà?"

"Ìgbà tí o ṣì ń jẹ erùpẹ̀ ni mo ti ń ti ilẹ̀kùn."

Ajórin kì í ṣe ẹni tó máa tìtorí ìbéèrè pàdánù iṣẹ́. Ó fa awò dúdú rẹ̀ bojú, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má bínú sí Wọ́dà jù. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, kò rí ilẹ̀kùn kan rí tí ìdábùú rẹ̀ wà nínú. Ní ayé tirẹ̀, ibi tí Wọ́dà bá dúró sí ni ìdábùú máa ń wà, ìta sì ni Wọ́dà máa ń dúró sí. Ọwọ́ tó ya àwòrán náà kò tilẹ̀ bi orí léèrè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà dúró, tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì tutù, ni ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá láti dán an wò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tó ń wá ibi tí aṣọ ti já. Wọ́dà wà lójú ọ̀nà àárín yàrá àti pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sinmi lórí ìdábùú.

"Ọ̀gá, ibo ni wọ́n gbé ìdábùú yìí sí?"

Wọ́dà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó wà níbí."

"Níbí ibo?"

"Níta."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nígbà tó rí èémí mí, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ẹ lòun ti ń ní kó mú òun lọ wo ibi iṣẹ́ rẹ̀, òun ò mọ̀ pé ṣe ló máa gbé e wálé fún òun. Wọ́dà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó má dààmú, Ajórin á wá gé e lọ́jọ́ Sátidé, á gbé e sí apá inú.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó wá ni Lánlọ́ọ̀dù àti ìdajì àdúgbò. Lánlọ́ọ̀dù ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé àdúgbò náà, ó sì ń kọ́ òmíràn lọ́wọ́ ní òdìkejì ìlú. Ó ti gbọ́ nípa ilẹ̀kùn yìí. Wọ́dà ti ṣí i gbayawu kí wọ́n tó dé, ó fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti ògiri débi pé ojú kankan ò lè rí ìdábùú. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n fi èjìká tì í, ẹnu yà wọ́n. Lánlọ́ọ̀dù ní òun ò rí irú rẹ̀ rí ní ilé ìfowópamọ́. Ó ní kí Wọ́dà jọ̀ọ́ wá bá òun yan irin ilé tuntun òun látòkè délẹ̀. Báwo ni èèyàn á ṣe wá pe Ajórin lọ́jọ́ kan náà, lójú gbogbo ayé, pé kó wá gé ìdábùú tí Wọ́dà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sódì? Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í sùn síbi tí wọ́n bá ti bí i. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tó ń dìde fún un lórí àga á máa fọwọ́ bo ẹnu.

Ó sún un síwájú. Ó tún sún un síwájú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rán an létí, ó ní ó tún wúlò níta bẹ́ẹ̀, pé bí wọ́n bá rìnrìn àjò, wọ́n lè tìdábùú bọ ògiri kí olè tó bá dé pálọ̀ má lè wọ yàrá.

"Ṣé olè ọ̀hún ò ní ní ọwọ́ ni?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Láàárín ìgbà náà, ọwọ́ ọ̀tún Wọ́dà ti rí ilẹ̀kùn tó mọ̀. Ilẹ̀kùn pákó kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n eléyìí, irin gidi tí ìdábùú rẹ̀ wà níbi tó ti yẹ kó wà, inú rẹ̀ dùn sí i bí ẹni pàdé ojúlùmọ̀ àtijọ́. Wọ́dà jí lọ wẹ̀ láàárọ̀, ó ti ìyàwó rẹ̀ mọ́ yàrá. Ó jáde lọ gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, ó tì í mọ́bẹ̀. Obìnrin náà á kan irin, ọkọ rẹ̀ á sáré padà, á máa tọrọ gáfárà, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wá ń kúrú sí i. Ó di pé bí ọkọ rẹ̀ bá ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, obìnrin náà á dìde tẹ̀ lé e, oorun ì báà wà lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó tì í mọ́bẹ̀ lọ́sàn-án, ó lọ tún pọ́ǹpù ṣe lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó padà dé, kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kan irin. Ó ṣílẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ nídìí fèrèsé, ó kọ ẹnu sí àlàfo irin, ó ń wá atẹ́gùn. Wọ́dà sáré gbé agolo oògùn wá láti orí tábìlì ẹ̀rọ. Ó pẹ́ kí àyà obìnrin náà tó rọlẹ̀. Kò ṣàwàdà. Kò sì pè é ní Ọ̀gá.

"Ọkọ mi," ó ní, "mò ń bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Bí wọ́n bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, màá bá yín fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ padà. Ẹ má jẹ́ kí n kú síbí."

Wọ́dà fi orí bàbá rẹ̀ búra pé kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, òun á ti sọ fún Ajórin. Ó sì wà lọ́kàn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ajórin ń ṣiṣẹ́ nílé tuntun Lánlọ́ọ̀dù, Wọ́dà náà sì ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti lọ yẹ irin wò. Ó ti ro ó pé òun á fa ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ kejì náà, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyàwó rẹ̀ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Wọ́dà ti múra tán, ó fẹ́ máa lọ, ló bá rántí fìlà rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó mú un lórí ìṣó. Obìnrin náà ti sùn. Wọ́dà tún aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, ó fi ìka ẹsẹ̀ rìn jáde kó má bàa jí i. Ó ń ro bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú Ajórin. Ó kọjá pálọ̀, ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ó ti géètì, ó kó kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ilé Lánlọ́ọ̀dù kún fún àwọn òṣìṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí Wọ́dà bá súnmọ́ Ajórin, ẹnìkan á ti wà níbẹ̀. Ó ń dúró de ìgbà tí àyè á yọ. Fóònù rẹ̀ dún, ó wò ó, ó rí i pé ìyàwó Kẹ́míìsì ni. Ó rò pé ọ̀rọ̀ irin rẹ̀ náà ló tún fẹ́ bi òun, ó jẹ́ kó dún tán. Ó tún dún. Lánlọ́ọ̀dù ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kò sì yẹ kéèyàn gé e lẹ́nu. Ìgbà tí fóònù Lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ dún, tó gbé e sétí, tó wá yí ojú padà wo Wọ́dà, ni Wọ́dà wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ajórin ló fi alùpùpù gbé e wálé. Ojú ọ̀nà ló ti sọ ọ̀rọ̀ ìdábùú náà fún un, ó ń pariwo rẹ̀ sí i létí nínú atẹ́gùn. Ajórin tún sáré sí i.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dé, àwọn tó wà níbẹ̀ sọ ọ́ fún un nígbà tó yá, wọn ò sì yọ kankan kúrò. Ìyàwó Kẹ́míìsì ló kọ́kọ́ gbọ́ tí nǹkan ń kan irin fèrèsé yàrá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi ìgbà tí wọ́n ń fi òòyà kàn án. Nígbà tó dé ibẹ̀, ìyàwó Wọ́dà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń fi ọwọ́ júwe ọ̀nà pálọ̀. Wọ́n sáré lọ sí fèrèsé pálọ̀. Wọ́n rí agolo oògùn náà kedere lórí tábìlì, láàárín àlùmọ́gàjí àti ìdì òwú, kò jìnnà ju apá èèyàn kan lọ. Ṣùgbọ́n ìka nìkan ló lè gba àlàfo irin Wọ́dà. Wọ́n wá ọ̀pá tín-ín-rín kan, wọ́n fi ń fà á. Ó ṣubú sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga. Ìyàwó Kẹ́míìsì sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ bóyá irú rẹ̀ kù, báńdéèjì àti eruku ló bá lórí pẹpẹ. Àwọn ọkùnrin rọ̀ mọ́ irin fèrèsé yàrá, wọ́n fà á. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, mọ́tò fà á, okùn já. Wọ́n so ó ní méjì, ó tún já. Irin náà ò mì. Wọ́n fi òòlù lu kọnkéré ìdí rẹ̀, òòlù ń ta padà. Ní gbogbo ìgbà yìí, ìyàwó Kẹ́míìsì ti padà wá, ó ti ki ìka bọ àlàfo, ó sì di ìka obìnrin náà mú. Ó ní òun ò jẹ́ kó bọ́ títí tí ìyàwó Wọ́dà fúnra rẹ̀ ò fi di òun mú mọ́.

Wọ́dà ṣí géètì, ó ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ọ̀sán gangan. Àwọn èèyàn rọ́ wọlé tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ló sì fi ojú ara wọn rí i bó ṣe na ọwọ́ tó fa ìdábùú náà, láti ìta.

Nídìí fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ kò mí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn wá tù ú nínú. Wọ́n ní àsìkò rẹ̀ ló tó. Wọ́n ní ikọ́ fée ò dáa, pé ẹni tó bá ní i, ibikíbi ló ti lè mú un. Wọ́n ń sọ gbogbo ìyẹn, ojú wọn ò sì lọ sí apá ọ̀nà yàrá. Ọ̀rọ̀ náà tutù lára Wọ́dà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti ọ̀nà jíjìn wá, kò bá wọn dá sí i. Ó dìde láàárín wọn, ó lọ síbi ilẹ̀kùn náà, ó ti ìdábùú bọ inú ògiri, ó tún fà á jáde. Gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀ gbọ́ ìró rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wá jókòó síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ṣé Màmá mọ̀ pé ìta ló wà?"

"Ó mọ̀."

"Ṣé wọ́n sọ fún yín?"

"Ó sọ."

Ọmọ náà mi orí bí ẹni tí wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà ilé fún. Nígbà tó ń lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló gbé.

Ohun tí Wọ́dà ò retí ni ohun tó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ rárá tí ọjà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yá ní ọgbà Ajórin ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gbogbo àdúgbò ló fi ojú ara wọn rí irin tí mọ́tò fà tí kò fà. Kò sí ìpolówó tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Irú ti Wọ́dà" ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, nítorí ọ̀wọ̀ òkú.

Wọ́dà wá ń lọ jókòó sí ọgbà náà láti òwúrọ̀, lórí àpótí kan, láàárín irin. Ajórin ò lé e. Òun náà mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣoṣo lòun bi lọ́jọ́ ṣọ́ọ̀kì, nígbà tó yẹ kí òun bi méjì. Bí oníbàárà bá dé, Wọ́dà ò tún sọ̀rọ̀ àlàfo tàbí ti ìnípọn irin mọ́. Ìbéèrè kan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Á dúró níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n bá fẹ́ gbé, á ní, "Ta ló máa wà nínú?" Àwọn èèyàn á wo ojú Ajórin. Ajórin á wo ilẹ̀.

Lánlọ́ọ̀dù mú ìyàwó rẹ̀ wá láti wo ilẹ̀kùn yàrá tiwọn. Ajórin ti gbé e dúró nínú férémù rẹ̀ láàárín ọgbà, ó fi igi tì í nílẹ̀, kò sí ògiri lọ́tùn-ún, kò sí lósì. Ìdábùú rẹ̀ wà ní apá inú, Ajórin ti rí sí ìyẹn. Wọ́dà dìde lórí àpótí.

"Ta ló máa wà nínú?"

Lánlọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. "Àwa náà ni, Bàbá. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Tí ìwọ bá ti jáde ńkọ́?"

Ẹ̀rín Lánlọ́ọ̀dù dúró sẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn, ó ní, "Èmi ni, sà."

Wọ́dà ní kí ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ó lọ. Wọ́dà pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn, ó ní kí ó tì í, kó wá ṣí i jáde. Ẹnikẹ́ni ló lè gba ẹ̀gbẹ́ férémù yẹn kọjá, ewúrẹ́ kan tilẹ̀ ń gbà á kọjá lọ́wọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà tì í, ó ṣí i, ó jáde.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Wọ́dà wí.

Ó tún ṣe é.

"Pajú dé. Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Lánlọ́ọ̀dù ní ó tó o, Bàbá, àwọn ní ibi tí àwọn ń lọ. Ó fa Ajórin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ fún un pé bí bàbá yìí bá tún wà níbí nígbà tí òun bá padà wá, òun á lọ síbi tí wọ́n ti ń ta irin láìṣe ìdánwò. Ajórin lọ bá Wọ́dà, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó máa wá o, àpótí rẹ̀ wà níbẹ̀ títí ayé, ṣùgbọ́n kí ó má máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́dà ní òun ti gbọ́. Ó jókòó padà.

Lánlọ́ọ̀dù ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ pé kí àwọn máa lọ. Obìnrin náà ti padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀, ó ti pa á dé, ó di ojú, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ìdábùú.